Jíìpù Àgbà Kì í Kú sí Ọ̀jọ́: Bí Wọ́n Ti Ń Wá Páàtì Láti Trade Fair Dé Òkòkòmáíkò

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì dáadáa yóò jẹ́rìí pé ọ̀nà náà kì í sùn. Láti Mile 2 títí dé Òkòkòmáíkò, bí dánfó ti ń tẹ họ́ọ̀nù ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá, tí tírélà ń tú èéfín dúdú, tí àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ bí ẹni pé ìjà ni. Apá ibẹ̀ ni Navy Town wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn. Bárékè àwọn ṣọ́jà Ọ̀jọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà níwájú. Ọjà Alábà tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, Alábà Rágó ti àwọn ará òkè Ọya tó ń ta àgbò àti ẹ̀wà náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí jíìpù rẹ̀ dákẹ́ kì í rí gbogbo ìyẹn. Irin ni ojú rẹ̀ ń wá. Ó fi bébà wé páàtì kan tí òróró ti bò, ó há a mọ́ abíyá, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta irú èyí?" Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere, ilẹ̀ ò ní ṣú kí mọ́tò rẹ̀ tó jí. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, owó á lọ, ọjọ́ á lọ, ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Jíìpù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ yìí kì í ṣe ti àwọn olówó òde òní tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀. Jíìpù àgbà ni. Land Rover tí ara rẹ̀ rí bí àpótí, Toyota Land Cruiser olójú róbótó, Mitsubishi Pajero, Isuzu Trooper, Nissan Patrol. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju dírẹ́bà tó ń wà wọ́n lọ. Àwọn ló ń ru àgbọn, àwọn ló ń ru ẹja, pákó àti sìmẹ́ǹtì wọ àdúgbò tí òjò bá ti sọ ọ̀nà rẹ̀ di odò. Mọ́tò kékeré á rì, dánfó á kọ̀, jíìpù àgbà nìkan ni yóò fi jíà kékeré fa ara rẹ̀ jáde. Ohun tó ń gbé oúnjẹ wọlé kì í ṣe ohun àmúṣeré.

KÍ LÓ GBÉ WỌN DÉBẸ̀?

Àwọn àgbà Èkó mọ Land Rover kí wọ́n tó mọ jíìpù mìíràn. Oṣù April 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé wò ní ìlú Amsterdam. Ogun Hitler kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, irin wọ́n bí ojú, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Land Rover ọlọ́jọ́ pípẹ́ fi lè dúró létí òkun l'Ọ̀jọ́, kí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa fẹ́ sí i, kí ara rẹ̀ má dípẹtà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ rà á má tìtorí ìyẹn yọ̀ jù. Ṣáásíì abẹ́ rẹ̀, irin pọ́ńbélé ni, ìyẹn sì ń dípẹtà dáadáa. Ẹni tó mọ mọ́tò rà, abẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀, kì í wo ọ̀dà.

Ọkọ̀ ìjọba ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà èwe wọn. Ọlọ́pàá lò ó, ṣọ́jà lò ó, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àti wolé-wolé lò ó. Ilé-iṣẹ́ Leyland tó wà n'Ìbàdàn náà to Land Rover pọ̀ nílẹ̀ yìí. Toyota bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1951, ó sì sọ ọ́ ní Land Cruiser ní 1954. Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba bá gbó, gbàǹjo ni wọ́n máa ń lù ú. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á rà á, á ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sílé, á wá ké sí mẹkáníìkì kó wá wo ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Àwọn yòókù gba Kútọnu wá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n gúnlẹ̀ sí Kútọnu, wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, wọ́n sì gba ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà wọ Èkó. Láti ọjọ́ 1 oṣù January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté ni òfin ní kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọlé tipẹ́ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ń gbó, wọ́n sì ń fẹ́ páàtì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ mọ́tò. Ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Volkswagen sí, ní 1975 ni mọ́tò àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀. Ìjàpá jáde níbẹ̀, Passat jáde níbẹ̀, Igala jáde níbẹ̀. Nígbà tí nǹkan wá le, tí owó láti fi ra nǹkan lókè òkun kò yá mọ́, iṣẹ́ lọ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ túká. Ọwọ́ àwọn mìíràn ni ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sí, nígbà tó sì di 2014, jíìpù Nissan Patrol ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi kọ̀ńdọ́ dánfó wò lónìí, "Volks" ni yóò ṣì pe ibùdókọ̀ náà. Mọ́tò lè lọ, orúkọ kì í lọ.

ỌJÀ TÍ WỌ́N TI Ń TÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ BÍ ẸNI TÚ ADÌẸ

Ẹni tó ń wá páàtì láti Mile 2, Trade Fair ni yóò sọ̀ sí. Àwọn ará Yugoslavia, ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti ìlú Belgrade, ni wọ́n yàwòrán ibẹ̀. Ní 1977, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe FESTAC, ni wọ́n ṣe ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó kó ẹ̀rọ wá, àwọn aráàlú múra bí ẹni ń lọ sóde Ọdún. Lẹ́yìn náà ni ọjà ojoojúmọ́ wọ ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò páàtì tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà n'Ìdúmọ̀tà tẹ́lẹ̀ kó wá, wọ́n di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ASPAMDA. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbẹ̀ á kọjá sí Ládípọ̀ ní Muṣin.

Ọjà náà tóbi. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìmọ ọ̀nà lè rìn títí bàtà yóò fi já. Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ ti béárìnì nìkan. Òmíràn wà tó jẹ́ ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ta ju ṣọkàbúsọ́bà lọ, kó sì kọ́lé nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ gègèrè bí iṣu ẹ̀bá ọ̀nà, òróró dúdú ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn alábàrúù ń pariwo, "Ẹ yà o! Ẹ yà!" Jíábọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà nínú bàrúù, ẹni tí kò bá yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un.

Ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ará Nnewi ló sì lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ náà. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀ ju ìfaradà lọ. Ọmọ kékeré ni wọ́n ń fi sọ́dọ̀ ọ̀gá, á sìn ín fún ọdún bíi 5, 6 tàbí 7, á máa gbálẹ̀, á máa gbé ẹrù, á máa kọ́ orúkọ páàtì bí ọmọ Kéwú ti ń kọ́ Kùránì. Bí àkókò bá pé, ọ̀gá á fún un lówó tàbí ọjà kó fi dá dúró. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé mẹkáníìkì, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn ọ̀gá ló ń náwó lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda, lọ́dọ̀ tiwa ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń náwó. Ẹ rò ó wò.

Ohun kan wà tí oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó wọ ọjà yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dáhùn pé "A ní i" ló ní i. Ọmọ náà á ní kẹ́ ẹ jókòó, á fún yín ní bẹ́ǹṣì, á sì gba ẹ̀yìn sáré lọ gbé e ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Kó tó padà dé, owó ti gorí owó. Kò jalè, bí ọjà ti rí nìyẹn. Àwọn ìyálọ́jà tó ń ta aṣọ n'Ìdúmọ̀tà náà mọ ọgbọ́n ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun ṣẹ́kù, kó wá ojúlówó ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta nǹkan tó ń wá, kó béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán kó tó tú owó lábàá aṣọ.

ORÚKỌ MẸ́TA TÍ PÁÀTÌ Ń JẸ́

Orúkọ mẹ́ta ni páàtì ń jẹ́ nínú ọjà náà. Àkọ́kọ́ ni ojúlówó, èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀ wá, tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá a ṣe é, bíi Denso tàbí NGK. Èkejì ni ti Taiwan tàbí ti Ṣáínà, tuntun ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe é yàtọ̀. Èyí dára, èyí kò dára, bí ẹran ọ̀sìn ni. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn ni páàtì tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò tó ti ṣiṣẹ́ rí lókè òkun.

Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìkẹrin wà tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ sókè: ayédèrú. Páálí rẹ̀ rí bíi ti ojúlówó, lẹ́tà ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ofìfo ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, SON, kì í dákẹ́ lórí irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀bọ kì í pọ̀ nígbó kí ọdẹ pa á tán. Ojú ẹni tó ń rà ló gbọ́dọ̀ là.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n? Kó gbé e wò bóyá ó wúwo, nítorí ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́. Kó wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti páálí nìkan. Kó gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi ojú wọ̀n wọ́n. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ jù, kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ìdí rẹ̀. Ta ló ń ta góòlù ní iye owó bàbà?

Fún jíìpù àgbà, Bẹ́líjíọ̀mù tó jẹ́ ojúlówó máa ń dára ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ nígbà mìíràn. Jíábọ́ọ̀sì, áàsì, ṣáfútù, ilẹ̀kùn, sítíárìn, gbogbo èyí ènìyàn lè rà ní tòkunbọ̀ kó sì jẹun pẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí wọ́n rà ní àlòkù láyé: rọ́bà bíréèkì, páàdì bíréèkì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, àti táyà. Rọ́bà ń darúgbó bí ènìyàn, bó wù kó má ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ táyà tilẹ̀ rọrùn fún ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè dúdú, kó máa dán, kí wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kó sì ti lo ọdún 12 láyé. Fọgánáísà tó bá jẹ́ olóòótọ́ á sọ. Èyí tí kò bá jẹ́ olóòótọ́, nọ́ńbà á bá a sọ ọ́.

ÌYÁ ALÁGBỌN ÀTI RỌ́BÀ BÍRÉÈKÌ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú rẹ̀ kò wọ́n lọ́nà Àgbádárìgì. Àgbọn ló ń tà. Land Cruiser tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó dolóògbé ló ń bá a kó ọjà, àbúrò rẹ̀ ló ń wà á, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá a tò ó sì máa ń jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá, kò mú. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó mú díẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ojú ọ̀nà dá. Mẹkáníìkì tú u, ó ní rọ́bà inú másítà ti jẹ, kí wọ́n lọ ra òmíràn ní Trade Fair.

Ìyá náà bá mẹkáníìkì lọ, nítorí owó rẹ̀ kì í rìn láìsí òun lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù kó méjì jáde.

"Màmá, èwo lẹ fẹ́? Ti olówó ń bẹ, ti tálákà ń bẹ."

"Ọmọ mi, ọ̀kan náà kọ́ ni wọ́n?"

"Wọ́n jọra, Màmá. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Iye tí wọ́n ń pe ojúlówó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ìyá wo ti tálákà, ó wo ti olówó, ó ti ń ṣírò iye àgbọn tó máa tà kó tó rí owó náà padà. Ó ní kí wọ́n di ti tálákà. Mẹkáníìkì bá dá sí i.

"Ìyá wa, ẹ dákun. Bí iná iwájú bá kú, ọ̀sán lẹ máa rìn. Bí ìjókòó bá ya, ẹ máa jókòó sórí àpò. Tí bíréèkì bá kọ̀, kí lẹ máa fi dípò rẹ̀?"

Ìyá kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń jókòó lẹ́yìn yẹn. Di olówó." Ṣùgbọ́n ó ná an o! Ó ná an títí ọmọ Ìgbò fi ń rẹ́rìn-ín, tó ní, "Màmá, ẹ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọ̀gá mi." Wọ́n ya díẹ̀ kúrò nínú owó náà, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n sì kọ orúkọ páàtì àti ọjọ́ sínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí mẹkáníìkì náà ṣàlàyé fún un lọ́nà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni da òróró ẹ́ńjìnnì sínú agolo bíréèkì láé, kódà bó jẹ́ ẹ̀kán kan. Rọ́bà bíréèkì tó bá mu irú òróró bẹ́ẹ̀ á wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi, bíréèkì á sì kọṣẹ́ lójijì. Àwọn dírẹ́bà tó ń fi èyí dárà lójú ọ̀nà kò mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń dà sínú agolo.

Bí wọ́n ti ń jáde nínú ọjà, àbúrò ìyá rí irin ńlá tí wọ́n ń de mọ́ iwájú jíìpù, ó rí iná aláwọ̀ òféefèé, ó rí kárià orí ọkọ̀ àti ìbòrí ìjókòó aláwọ ẹkùn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin iwájú náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí èyí ṣe máa gbé ọkọ̀ wa yọ!" Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé kárià nìkan ló lè gbé àgbọn, òun á rà á tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Irin iwájú kò ru nǹkan kan. Ẹni tó ń lo jíìpù fi jẹun mọ ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ irinṣẹ́.

NỌ́ŃBÀ NI ÌWÉ ÌRÌNNÀ

Àṣìṣe tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta ni pé wọ́n á kàn sọ pé, "Ti Land Cruiser ni mo fẹ́." Land Cruiser wo? Ìdílé ńlá ni. Àwo kékeré kan wà níbi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí. Bí ó bá jẹ́ FJ60, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ HJ60 tàbí BJ60, dísẹ́ẹ̀lì ni, méjèèjì kò sì lo ẹ́ńjìnnì kan náà. Ojú ọkọ̀ jọra, inú rẹ̀ yàtọ̀, bí ìbejì tó fẹ́ ilé ọkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé, tàbí tó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, tó sì gbé páàtì àtijọ́ dání, ó ti fi ìdajì wàhálà rẹ̀ sílé. Bí ó bá jẹ́ àwo kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà, kó ka eyín rẹ̀. Eyín kan tó lé tàbí tó dín, kò ní wọlé.

Ti Land Rover tún ní tirẹ̀. Ìnṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọn ọ̀pọ̀ bóòtù àwọn Land Rover àtijọ́, milimítà ni àwọn ará Japan ń lò. Mẹkáníìkì tó bá fi sípánà milimítà tú bóòtù ìnṣì, á jẹ orí rẹ̀ róbótó, lẹ́yìn náà á ní ọkọ̀ ló burú.

Ọgbọ́n tó jù lọ ni kí ènìyàn mọ ìbátan ẹ́ńjìnnì. Jíìpù lè má wọ́pọ̀ mọ́ lójú pópó, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì 3B àti 1HZ tó wà nínú àwọn Land Cruiser kan, Toyota fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì Coaster náà. Ẹ́ńjìnnì 4JB1 tó wà nínú Isuzu Trooper kan, ó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù Isuzu kékeré. Ẹ́ńjìnnì 4D56 ti Pajero, àwọn Hyundai gba àṣẹ wọ́n ṣe irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tiwọn. Nítorí náà ẹni tó bá wá gásíkẹ́ẹ̀tì jíìpù tì, kó lọ béèrè lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ti bọ́ọ̀sì. Bí a kò bá rí ọmọ, à á bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Béárìnì náà ní èdè tirẹ̀, èdè ọ̀hún sì kárí ayé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Béárìnì 6204, bó ti Japan wá, bó ti Jámánì wá, ihò inú rẹ̀ jẹ́ milimítà 20, ìta rẹ̀ jẹ́ 47, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 14. Irú nọ́ńbà yìí kan náà wà nínú ẹ̀rọ mìíràn tí kì í ṣe mọ́tò rárá. Ẹni tí ọ̀wọ́n bá lù nídìí páàtì mọ́tò lè rí tirẹ̀ nídìí ẹni tó ń ta béárìnì fún àwọn oníẹ̀rọ ata. Rọ́bà tó ń dí òróró náà, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n mẹ́ta sí i lára: inú, ìta àti nínípọn. Ẹ ka nọ́ńbà, ẹ má ka páálí.

NÍGBÀ TÍ ỌJÀ BÁ NÍ KÒ SÍ

Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé gbogbo ọjà á mi orí pé kò sí. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ta ọkọ̀ wọn fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ǹmù nìyẹn, àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Tánà á gbé irin sórí ẹ̀rọ rẹ̀, á yí i, á há a, á fi ṣe búùṣì tuntun tó bá ti àtijọ́ mu rẹ́gí. Wẹ́dà á lẹ ṣáásíì tó já. Panẹ́ẹ̀lì-bítà á gé páànù, á fi òòlù sọ ọ́ di ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì á ki irin bọ iná, á pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ padà bó ti wà.

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n wọn mọ. Búùṣì ṣe é rọ, ilẹ̀kùn ṣe é rọ. Irin tó ń yí táyà iwájú, irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọn kì í fi wẹ́dì lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tún já lórí eré, ọ̀nà tí dírẹ́bà fẹ́ kọ́ ni ọkọ̀ ń lọ. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún oníbàárà pé, "Èyí, mi ò ní ṣe é, ẹ lọ ra tuntun," ẹ di irú wọn mú. Ó pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó sì gba ẹ̀mí là.

OWÓ Ń PỌ̀, NÁÍRÀ Ń RÙ

Ìdí tí páàtì fi wọ́n kò lọ́jú pọ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wá. Kó tó di 1986, náírà kan ju dọ́là kan lọ fún ọdún púpọ̀. Ní September 1986, nígbà ètò SAP, dọ́là kan di náírà mẹ́rin àti díẹ̀ lójijì, àwọn tó ń ra mọ́tò tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo tòkunbọ̀. Nígbà tí oṣù June 2023 dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 470 ní báńkì. Ìjọba tú u sílẹ̀, nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ń ta béárìnì kò yí ọ̀nà tó ń gbà ta ọjà padà, ilẹ̀ ló yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá tó ń ta ata mọ ìtàn náà dáadáa.

Lókè òkun, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wo ọkọ̀ yìí. Nígbà tí Land Rover Defender ìkẹyìn irú ti àtijọ́ jáde ní Solihull ní January 2016, àwọn ènìyàn sunkún bí ẹni pé ènìyàn kú. Toyota náà kéde ní 2021 pé òun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn páàtì kan fún Land Cruiser 40 tí òun ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ láti 1984. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun ìṣeré àgbà ọlọ́rọ̀ ni jíìpù àgbà lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n ń gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Ọkọ́ àti àdá ni ní Òkòkò. Ẹni tí àdá rẹ̀ bá kú lóko kì í dúró de ìpàtẹ.

Ọ̀nà náà ń yí padà. Láti ayé Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́, ọdún sì ti gorí ọdún lórí iṣẹ́ náà. Ní September 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, ètò sì ni pé yóò dé Òkòkòmáíkò. Ọjọ́ tó bá dé, àwọn èrò á sinmi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà wọ àdúgbò tí omi ti gba ojú ọ̀nà, kì í sì í dúró de ẹni tó ní àpò àgbọn 20.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tó ní irú ọkọ̀ yìí, àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún un ṣe, ẹ̀kọ́ ọjà Ọ̀jọ́ kò ju báyìí lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín pamọ́. Ẹ gbé páàtì àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì bá olùtajà ṣàdéhùn ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà bí kò bá wọlé. Ẹ ná gbogbo nǹkan tó bá ṣe é ná, ẹ fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ tí owó bá gbé pẹ́ẹ́lí. Ṣùgbọ́n tó bá kan bíréèkì, táyà àti sítíárìn, ẹ ra ojúlówó. Ẹni tó jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn kò mọ iye tẹ́ ẹ ra rọ́bà bíréèkì, ó kàn gbà pé ẹ máa gbé òun délé ni.